Ajísààrì Inú Kọ̀ǹpútà

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ẹnu Múdàṣírù yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ọkọ rere ni o. Ó ń wa ẹ̀rọ tó ń gbé páálí sókè sódò nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Landover, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ilé ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ fi í sáàárín èrò, kí ẹ gbé mínírà tútù kan lé e lọ́wọ́, kò sí ìlérí tí kò ní ṣe.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan tí ààwẹ̀ Ràmàdáànì kù díẹ̀. Àwọn mùsùlùmí Yorùbá àdúgbò náà ti parí àsàlátù, wọ́n jókòó sí yàrá ìsàlẹ̀ mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń jẹ mọ́ín-mọ́ín, oníkálùkù sì ń ṣàròyé oorun. Ẹnì kan ní aago òun dún títí lọ́dún tó kọjá, òun pa á, òun sùn padà, ilẹ̀ mọ́ bá òun lórí ibùsùn. Alhaja Sẹ̀gilọlá, obìnrin gbajúmọ̀ kan tó ń gbé Lake Arbor, ní ohun tó ń dun òun jù ní Amẹ́ríkà yìí ni pé kò sí ajísààrì, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n máa ń lu agolo kiri àdúgbò nílé, tí wọ́n á máa kọrin, tí wọ́n á máa pe onílé kọ̀ọ̀kan lórúkọ kó dìde jẹ sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ni Múdàṣírù bá dìde dúró. Ó ní òun tí wọ́n ń wò yìí, ọmọ bíbí Ìdí Arẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, òun ti ṣe ajísààrì láti ìgbà tí òun ò tíì ga tó tábìlì. Ó ní lọ́dún yìí, òun á gbé ajísààrì wá sílé gbogbo wọn.

"Ṣé kí ọlọ́pàá lè wá kó ọ?" ni ẹnì kan fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Inú síídì ni màá ṣe é sí, ẹ ó fi sínú rédíò aláago. Inú yàrá yín ló ti máa jí yín. Màá pe oníkálùkù lórúkọ!"

Háà! Inú àwọn èèyàn dùn. Àwọn kan gbá a mọ́ra. Alùfáà Jàfárù, tó ń darí àsàlátù wọn, tẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, ó ṣe àdúrà fún un, wọ́n ṣe àmín. Wọ́n dúpẹ́ tán kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí àwọn èèyàn wa bá ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni ṣáájú, tí wọ́n fi àdúrà sí i, kò sí ọ̀nà àtisá mọ́. Bẹ́ẹ̀ Múdàṣírù ò mọ bọ́tìnì kan tí wọ́n ń tẹ̀ láti gba orin sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà.

Ní ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, ìyàwó rẹ̀, Àdíját, ti gbé ṣíbí sílẹ̀. Oúnjẹ ò lọ mọ́.

Ohun tó ń ṣe é rèé. Bàbá rẹ̀ ni ajísààrì tiwọn. Alhaji Mọ́ṣúdù, télọ̀ ni ní Ìbàdàn. Láti ọdún tí Àdíját àti ọkọ rẹ̀ ti wà ní Springdale, tí Ràmàdáànì bá dé, tí ilẹ̀ Maryland ṣì ṣú, oòrùn á ti ga ní Ìbàdàn. Bàbá á ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, á mú fóònù, á fláàṣì ọmọ rẹ̀. Bí ọmọ ò bá fláàṣì padà kíákíá, á pè é gidi, á wá máa bínú owó káàdì: "Àdíját! Ṣé o fẹ́ kí n ná gbogbo èrè ṣòkòtò kan sórí oorun ẹ ni? Dìde o, sààrì!" Àdíját á rẹ́rìn-ín, á dìde, á lọ gbé omi kaná.

Nínú oṣù Ràjábù ọdún yẹn, Bàbá kú. Ìwé ìgbélùú Àdíját àti ọkọ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba, lọ́yà sì ti kìlọ̀ pé bó bá fi jáde, wọ́n lè má jẹ́ kó wọlé mọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe sin bàbá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àdúrà ọjọ́ kẹjọ, orí fóònù ló ti gbọ́ ọ, nínú ọkọ̀, níwájú ilé ìtaògùn tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Largo. Kò sunkún. Ó nu ojú gbígbẹ, ó wọlé lọ bá iṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹkún ò wá, orin ò wá, ẹ̀rín gan-an di ọ̀wọ́n. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù: àárọ̀ àkọ́kọ́ nínú ààwẹ̀, tí ilẹ̀ á ṣú, tí fóònù ò ní dún.

Nínú ọkọ̀ lọ́nà ilé, Múdàṣírù wojú rẹ̀. "Ìyá Rayyan, o ò sọ̀rọ̀."

"Kí ni kí n sọ? Ẹnu dùn ún ròfọ́, Bàbá Rayyan."

"Mo mọ ohun tó ń ṣe ọ́. Torí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe ṣèlérí yẹn."

"Ẹ ò lè fi síídì rọ́pò bàbá mi."

Múdàṣírù dákẹ́. Kí Múdàṣírù dákẹ́, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wọ̀ ọ́ lára.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó lọ bá Raheem, ọmọ Amẹ́ríkà dúdú kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, mùsùlùmí bíi tiwọn, tó máa ń ṣe orin nílé rẹ̀. Raheem ní ta ló ń lọ sí sítúdíò mọ́? Kọ̀ǹpútà, makirofóònù kékeré kan, àti ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń gba ohùn sílẹ̀ dáadáa, ó ti parí. Lọ́jọ́ kejì, ó mú síídì kan wá fún Múdàṣírù. Ó ní bàbá gbogbo ètò ìgbohùnsílẹ̀ ló wà níbẹ̀, èyí tí àwọn ọ̀gá olórin ń lò. Múdàṣírù gbé e délé bí ẹni gbé ẹran iléyá.

Àdíját ń sọ ìkòkò ẹ̀wà kalẹ̀ lórí iná. Ó wo síídì náà. Kò sí àwòrán lára rẹ̀, gègé ni wọ́n fi kọ orúkọ sí i.

"Ṣé wọ́n ń tà á ni àbí ọ̀fẹ́ ni?"

"Wọ́n ń tà á. Ó wọ́n gan-an."

"Raheem wá rà á?"

Múdàṣírù họ orí. "Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ló bá a já àgádágodo ẹ̀."

"Áà! Ẹrù olè lẹ fẹ́ fi jí àwọn mùsùlùmí kí wọ́n lè dìde gbààwẹ̀!"

"Ìyá Rayyan, gbogbo ayé ló ń ṣe é."

"Àdúrà tí Alùfáà ti ṣe sílẹ̀ yẹn ńkọ́? Ta ni kó wá gbà á, ẹ̀yin ni àbí ẹni tó já àgádágodo? Ẹ dá a padà o. Ilé yìí kọ́ ni wọ́n ti máa ṣe é."

Ó dá a padà. Ó rò pé Raheem á bínú, ṣùgbọ́n ṣe ni Raheem rẹ́rìn-ín, ó ní ìyàwó rẹ̀ sọ òótọ́, ojú ti òun náà díẹ̀.

Ni Múdàṣírù bá bọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ó rí ètò kan tí wọ́n kọ "Ọ̀FẸ́" gàdàgbà sí lórí. Ẹwà ètò náà kò ṣeé fẹnu sọ: iná pupa, iná ewé, bọ́tìnì rẹpẹtẹ bí iwájú ẹni tó ń wa bàálù. Àdíját ní kó kà á dáadáa. Ó ní kí ló kù tí òun fẹ́ kà, ṣé kò rí ọ̀fẹ́ ni? Lọ́jọ́ Sátidé, ó ti ara rẹ̀ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù láàárín àwọn aṣọ, kí ariwo ẹ̀rọ ìgékoríko aládùúgbò má bàa wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Orin tirẹ̀ ni, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é:

*Ẹ jí o, ẹ má tún sùn mọ́,*
*Ẹni tó fẹ́ gbààwẹ̀ kì í bá oòrùn jí.*

Ó kọ ọ́, ó lu agolo sí i, òógùn bò ó, ó kọ ọ́ dópin. Ó jáde, ó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ètò yìí bá kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà káàdì báńkì rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni láti kọ ọ́, owó ni láti tọ́jú rẹ̀. Múdàṣírù tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, orin ti lọ.

"Jìbìtì!" ló ń ké. "Jìbìtì ní ọ̀sán gangan! Wọ́n jẹ́ kí n làágùn tán!"

Ó dúró láàárín yàrá, ṣòkòtò kan ti so mọ́ ọn léjìká láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, agolo mílíìkì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ṣíbí wà ní ìkejì. Àdíját wò ó, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Múdàṣírù fẹ́ bínú, ó wá rántí pé láti Ràjábù òun ò gbọ́ ẹ̀rín yìí mọ́. Ó fi agolo sílẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ orin tó sọnù yìí ló mú ẹ̀rín yẹn wá, òun dúpẹ́.

Ètò kejì kò ní jìbìtì nínú, ọ̀fẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n ohùn kan ṣoṣo ló lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó o bá kọ náà ló máa gbà, kò sí pé o tún ń lé òmíràn mọ́ ọn. Múdàṣírù ní ìyẹn náà tó. Àṣé kò tó. Ẹ rántí pé ó ti ní òun á pe oníkálùkù lórúkọ. Ajísààrì tí kò bá dárúkọ onílé, ariwo lásán ni, ta ló ń bá wí? Àwọn èèyàn sì ti ń fi orúkọ ránṣẹ́. Alhaja Sẹ̀gilọlá pè láti Lake Arbor pé wọn ò gbọdọ̀ gbàgbé "Alhaja" o, pé òun ò jí fún Sẹ̀gilọlá lásán. Ẹlòmíràn fẹ́ kí wọ́n pe ìyàwó rẹ̀ ṣáájú òun, torí òun ló ń se sààrì.

Múdàṣírù kọ gbogbo orin náà fún ilé Alùfáà Jàfárù. Ó tún kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ fún ilé Alhaja. Ó tún kọ ọ́ fún ilé kẹta. Nígbà tó máa fi dé ilé kẹrin, ohùn rẹ̀ ti há, ó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ilé tó kù ṣì pọ̀ jọjọ. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé orí lé ọwọ́.

"Mo ti dójú ti ara mi, Ìyá Rayyan. Wọ́n ti ṣàdúrà fún mi, wọ́n ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Àdíját jókòó tì í. Kò fi í ṣẹ̀sín. "Ṣé ajísààrì nílé, ẹnì kan ló ń dá a ṣe ni?"

"Rárá. Ẹnì kan ń lu agolo, àwọn kan ń gbe orin. Asíwájú nìkan ló ń yí orúkọ padà bí wọ́n bá dé ojúlé mìíràn."

"Èyí tá a ń wá náà nìyẹn. Ẹ bi Raheem bóyá ètò kan wà tó lè gba agolo sọ́tọ̀, kó gba ègbè sọ́tọ̀, kó gba orúkọ sọ́tọ̀, kó wá da gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ká lè máa yọ orúkọ kan, ká máa fi òmíràn sí i."

Múdàṣírù wò ó bí ẹni rí oṣù. Ó bi Raheem lọ́la ẹ̀. Raheem lu ọwọ́ pọ̀, ó ní òun ì bá ti sọ ọ́ láti ọjọ́ kìíní, bí kò ṣe pé òun fẹ́ fi ètò olówó ńlá fọ́nnu. Ó fi bírò kọ orúkọ ètò náà sára páálí: Audacity. Ó ní ọ̀fẹ́ ni.

"Ọ̀fẹ́ bíi ti ọjọ́sí?" ni Múdàṣírù bi í.

"Ọ̀fẹ́ bíi tẹni tó fún ọ ní omi mu."

Nígbà tí wọ́n ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, Múdàṣírù kò fi bẹ́ẹ̀ nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Eérú ni àwọ̀ rẹ̀, kò sí iná pupa, kò sí iná ewé. Ó ní ó dà bíi fọ́ọ̀mù ìjọba. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí Àdíját ti gba àga. Obìnrin tó ń fi gbogbo ọjọ́ ka ìwé wínníwínní ara ìgò oògùn, kò sí ohun tó lè sá fún un. Ó ka ohun tí àwọn tó ṣe ètò náà kọ láti òkè délẹ̀, ó ń wá ibi tí wọ́n ti máa béèrè owó. Kò rí i. Ohun tó rí ni pé àwọn èèyàn kan káàkiri ayé ló ń pawọ́ pọ̀ ṣe é, tí wọ́n sì ń fún ẹni tó bá fẹ́.

"Kí ni wọ́n ń rí níbẹ̀?" ni Múdàṣírù ń bi í.

"Àdúrà," ni Àdíját wí. "Ẹ dákẹ́ ná."

Kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ kọrin kankan. Ó sún mọ́ makirofóònù, ó ní, "Bísímílà." Ó tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Ó pa kọ̀ǹpútà pátápátá, ó tún tàn án. Ó ṣí ètò náà. "Bísímílà," ni kọ̀ǹpútà wí ní ohùn rẹ̀. Ó wá ní kí ọkọ òun lu agolo. Ìlù agolo jókòó sórí ìlà tirẹ̀. Ó ní kó máa gbọ́ agolo náà ní etí, kó wá kọrin lé e. Ohùn rẹ̀ bọ́ sí ìlà kejì, lábẹ́ ti àkọ́kọ́, ọ̀kan kò pa èkejì rẹ́. Àdíját yọ ohùn, ó ku agolo. Ó yọ agolo, ó ku ohùn. Ó dá méjèèjì padà.

"Èyí ni," ló wí. Bí wọ́n ṣe yàn án nìyẹn o.

Ó wá ku ègbè. Múdàṣírù ń yí orí ọ̀rọ̀ kiri. Ó mọ̀ pé ní ilé-kéú, ìyàwó òun ni wọ́n máa ń fi síwájú bí wọ́n bá ń kọ wákà. "Ègbè lásán ni," ló ní. "Gbólóhùn kan."

"Mi ò tíì kọrin látìgbà náà, ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀."

Àdíját wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù lọ, ó fa ilẹ̀kùn dé. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ohùn rẹ̀ jáde, ó kọ́kọ́ tín-ín-rín:

*A ti jí o, a ti jí, ẹní ti tutù.*

Múdàṣírù ní kó tún un kọ lórí ìlà mìíràn, kó gbé ohùn sókè díẹ̀. Ó tún un kọ. Ó tún un kọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó mú un lọ sísàlẹ̀. Wọ́n pe àwọn ọmọ, Rayyan àti Fatima, àwọn náà pariwo tiwọn. Nígbà tí wọ́n da gbogbo ìlà pọ̀, Ọlọ́run mi, ṣe ló dà bíi pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló dúró sí ìta! Àbùkù kan ló wà níbẹ̀: ègbè ń dé lẹ́yìn agolo, bí ẹni tó ń tòògbé tẹ̀lé ẹgbẹ́. Múdàṣírù fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe jìbìtì. Àdíját rí ọfà kékeré kan tó lórí méjì, ó fi di ìlà ègbè mú, ó fà á síwájú fín-ín, ègbè bá bọ́ sórí agolo. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ wá rọrùn. Múdàṣírù kàn ń dúró pe orúkọ ni: Alùfáà Jàfárù o, Alhaja Sẹ̀gilọlá onílé Lake Arbor o. Wọ́n yọ orúkọ ilé kan, wọ́n fi ti ilé mìíràn sí i, síídì ń jáde. Nígbà tí wọ́n pín in ní àsàlátù, ìdúpẹ́ di ariwo. Wọ́n gbé àwo oúnjẹ wá, wọ́n gbé ike ọsàn wá. Alhaja Sẹ̀gilọlá gbọ́ tirẹ̀ nínú ọkọ̀, ó fọn fèrè ọkọ̀ sí i.

Ni Àdíját bá na ọwọ́ sókè láàárín àwọn obìnrin. Ó ní ìdúpẹ́ náà kù síbì kan. Ó ní àwọn kan wà tí wọ́n ṣe ohun tí àwọn fi ṣiṣẹ́ náà, wọn ò gba kọ́bọ̀, àwọn ò sì mọ̀ wọ́n. Ó ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

"Kí lorúkọ wọn?" ni Alùfáà bi í.

"A ò mọ̀, Alùfáà."

"Ọlọ́run mọ̀," ni Alùfáà wí, ó tẹ́wọ́, ó ṣe àdúrà gígùn fún wọn, fún ilé wọn, fún ìlera wọn, fún ọwọ́ tí wọ́n fi ń tẹ kọ̀ǹpútà. Gbogbo ilé ṣe àmín. Ó dá mi lójú pé àwọn tó ṣe nǹkan náà kò mọ̀ pé ẹnì kan ń gbàdúrà fún wọn ní èdè Yorùbá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Àdíját pe ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ìyá ń gbé ilé tuntun tí Bàbá kọ́ sẹ́yìn ìlú, níbi tí mọ́ṣáláṣí ò tíì sí nítòsí, tí fóònù kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Ohùn ìyá kò le.

"Kí ló ṣe yín, Màámi?"

"Kò sí nǹkan. Mo gbààwẹ̀ àsìkò Ṣàbáànù yìí ni, mo sùn kọjá sààrì. Mi ò jẹ, mi ò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Òòyì kọ́ mi nídìí kànga, àwọn aládùúgbò ló gbé mi wọlé."

"Màámi! Ẹ ò ní aago ni?"

"Aago wà. Ó ń dún, mò ń pa á. Bàbá yín ló ń jí mi láti ìgbà tí mo ti dé ilé ẹ̀. Ṣé wọ́n ń tẹ ọkọ ẹni ní bọ́tìnì kó dákẹ́ ni?" Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Àdíját gbé fóònù sílẹ̀, ó dúró sójú kan. Ojú ara rẹ̀ tì í. Gbogbo oṣù yìí, ó ń rò pé ta ni yóò jí òun. Kò rò ó rí pé ẹlòmíràn wà tí wọ́n ti ń jí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó bí òun, tí ibùsùn rẹ̀ ti ṣófo ní ẹ̀gbẹ́ kan.

Alhaja Sẹ̀gilọlá ń lọ sílé ní Ìbàdàn fún ọjọ́ díẹ̀ lọ́jọ́ Fúráìdè. Múdàṣírù sáré lọ ra fóònù kékeré kan tó lè fi orin ṣe aago, tí kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó tó dún. Ó bọ́ sídìí kọ̀ǹpútà, ó ṣí ègbè, ó ṣí agolo, ó sún mọ́ makirofóònù kó pe orúkọ. Ẹnu rẹ̀ ò gbà á. Àna rẹ̀ ni, báwo ló ṣe máa pe ìyá ìyàwó rẹ̀ lórúkọ gbàgà? Ó wo Àdíját.

"Ìwọ ló máa pè é."

"Èmi? Kí n máa pe orúkọ ìyá mi?"

Ó gbìyànjú. Ó ní, "Màámi, ẹ dìde o." Wọ́n gbọ́ ọ. Ó dún bí ọmọ tí ebi ń pa. Múdàṣírù rọra mi orí. Bí ìyá bá gbọ́ èyí lójú oorun, á rò pé àlá ni, á na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ gbé ọmọ, á sì máa sùn lọ. Orúkọ tí wọ́n fi ń jí èèyàn, orúkọ tí etí rẹ̀ mọ̀ ni.

Àdíját dúró nínú kọ́bọ́ọ̀dù, láàárín aṣọ, ó ń ro orúkọ tí etí ìyá òun mọ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ọ gba ara ògiri kọjá, ní gbogbo Ràmàdáànì, lẹ́nu ọkùnrin kan ṣoṣo. Kò sí ọmọ tó ń pe ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun náà kò pè é rí. Ó mí kanlẹ̀, ó gbé ohùn sókè, ó fà á bí Bàbá ṣe máa ń fà á:

"Ìyá Àdíját! Ìyá Àdíját o! Dìde, sààrì ti tó!"

Ohùn rẹ̀ já. Orúkọ ara rẹ̀ tó pè ló fọ́ ọ. Ẹkún tí kò wá láti Ràjábù dé, ó dé tìpátìpá. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín bàtà, ó sunkún bàbá rẹ̀ bó ṣe yẹ kí ọmọ sunkún bàbá. Múdàṣírù ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé tì í, ó dì í mú. Ó ní, "Alhamdulilai," lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí ojú rẹ̀ gbẹ, ó jáde, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ètò náà ṣì ń gba ohùn sílẹ̀. Ó rí ẹkún rẹ̀ lójú ìlà, ó ga gègèrè lẹ́yìn ìpè. Ó fi máòsì fa àmì yí i ká, ó gé e kúrò. Ó ní kò yẹ kí Màámi gbọ́ ẹkún kó tó jẹun. Ó fi ìpè nìkan sílẹ̀, ó fi agolo àti ègbè tẹ̀lé e, ó fi gbogbo rẹ̀ sínú fóònù náà. Lọ́jọ́ Fúráìdè, Alhaja Sẹ̀gilọlá gbé e lọ nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀.

Ààwẹ̀ dé. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, Àdíját ti jí kí ohunkóhun tó jí i. Òun àti Múdàṣírù jókòó sí tábìlì, wọ́n ń mu ògì, wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Fóònù dún.

Kò dún bíi fláàṣì. Ó ń dún lọ. Àdíját gbé e.

"Àdíját." Ìyá rẹ̀ ni. Ariwo ọjà wà lẹ́yìn rẹ̀. "Mo rìn wá síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà ni. Mo jí o. Mo jẹun, mo lo oògùn."

"Ẹ ṣé, Màámi. Ọlọ́run ṣeun."

"Agolo ọkọ ẹ ti pariwo jù, sọ fún un." Ohùn ìyá wálẹ̀. "Ìpè yẹn... Mo dáhùn, Àdíját. Mo ní, 'Hẹn-ẹn, mo ti jí, ẹ má bínú.' Mo ti dáhùn tán kí n tó rántí."

Omi ń dà lójú Àdíját, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Mo dúpẹ́ o," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ ẹ. Ó tó, má jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ púpọ̀, ilẹ̀ fẹ́ mọ́ lọ́dọ̀ tiyín. Lọ jẹun."